Gíà Wo Ló Bá Pápá Rẹ Mu?

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ gíà ló pọ̀ jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí pápá ìsáré, tó ti pààrọ̀ táyà, tó ti tún bíréèkì ṣe, gíà ló kàn tí ojú rẹ̀ máa ń wọ̀. Lẹ́tà kan wà tó kún fún àlàyé, màá jókòó tì í dáadáa. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n yára dá wọn lóhùn.

Final drive 4.3 ni, tàbí gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́fà?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mazda MX-5 onílítà 1.8 ni mo ń wà ní pápá. Gíà márùn-ún ló ní, final drive rẹ̀ (gíà ìkẹyìn, tó wà nínú dífù lẹ́yìn ọkọ̀) 4.1, táyà 195/50R15. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìlà pupa, ibi tí ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ yí kọjá, wà ní 7000 rpm, àmọ́ láti bíi 5000 lọ sókè ni ọkọ̀ tó máa ń jí. Kọ́nà kan wà tó ń dà mí láàmú. Eré mi níbẹ̀ kì í wálẹ̀ ju 95 lọ. Tí mo bá fi gíà kejì wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì á ti máa ké tantan kí n tó tọ́ sítíárìn. Tí mo bá fi ẹ̀kẹta wọ̀ ọ́, ọkọ̀ á kàn máa wọ́ tìn-ìn-tìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá final drive 4.3 sí i, pé ọkọ̀ á gba agbára. Ẹlòmíì ní kí n wá gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́fà tó wà lára àwọn MX-5 tó dé lẹ́yìn tèmi. Èwo ni kí n ṣe? Mo fi ìwé tí mo kọ eré mi sí mọ́ lẹ́tà yìí."

Àbúrò mi, o ṣeun fún ìwé yẹn. Òun ló jẹ́ kí n rí nǹkan sọ. Ẹni tó bá béèrè gíà lọ́wọ́ mi láìsọ eré kọ́nà rẹ̀, ẹnu lásán ni mo máa fi bá a ṣeré. Ohun tí o kọ rèé: kọ́nà tó lọ́ jù, 68 kìlómítà ní wákàtí, kọ́nà tó ń dà ọ́ láàmú, 95, kọ́nà gígùn tó tẹ̀lé e, 110, ìparí ọ̀nà gbọọrọ, kí o tó tẹ bíréèkì, 172. Nọ́ńbà mẹ́rin péré. Orí wọn la máa gbé gbogbo ọ̀rọ̀ kà.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ kúrò ńlẹ̀. Final drive kì í fún ọkọ̀ lágbára. Ẹ́ńjìnnì ló ni agbára. Iṣẹ́ gíà ni kó fi eré ra ipá, tàbí kó fi ipá ra eré, kì í sì í fi nǹkan kan tọrẹ. Tí o bá kúrò ní 4.1 bọ́ sí 4.3, ipá tó ń dé ẹsẹ̀ táyà á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì wà nínú gíà tí o wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ gíà kọ̀ọ̀kan á tún tètè parí. Níbi tó bá ti parí ṣáájú, o ti gorí gíà tó tẹ̀lé e nìyẹn, ibẹ̀ lo sì ti máa san gbèsè.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń polówó final drive kì í sọ. Gíà inú gíábọ́ọ̀sì dà bí àtẹ̀gùn ara àkàbà. Final drive lè gbé àkàbà náà sún sókè tàbí sún sísàlẹ̀, àmọ́ kò lè mú àtẹ̀gùn kan sún mọ́ èkejì. Tó bá jẹ́ pé àlàfo àárín gíà kejì àti ìkẹta ló ń bí ọ nínú, kò sí final drive tó máa pa á dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mú iye mítà tí táyà ń rìn tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn rpm, sọ ọ́ di púpọ̀, kí o tún fi 0.06 sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, fi nọ́ńbà gíà, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì máa yí kí ọ̀pá tó jáde láti gíábọ́ọ̀sì tó yí lẹ́ẹ̀kan, pín in, kí o sì fi ti final drive pín èyí tó bá jáde. Kìlómítà ní wákàtí lo rí yẹn.

Lórí ìwé, táyà 195/50R15 ga ní mìlímítà 576, tó bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin mítà 1.81. Lójú ọ̀nà kì í tó bẹ́ẹ̀, torí ìwúwo ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ tìrẹ gan-an, fún táyà ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó máa ń ní tó bá ti gbóná ní pápá, kí ẹnì kan tó wúwo tó ọ jókòó sáàyè dẹ́rẹ́bà. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára táyà ẹ̀yìn níbi tó ti kan ilẹ̀, kí o fa òmíràn sílẹ̀ ní ọ̀gangan rẹ̀. Ẹ rọra ti ọkọ̀ síwájú, kó lọ tààrà, títí ìlà ara táyà á fi tún kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Fi téèpù wọn ọ̀nà tó rìn, kí o pín in sí márùn-ún. Má ṣe wọn ẹyọ kan ṣoṣo, torí tí ọwọ́ rẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà kan yẹ̀, yíyí ẹyọ kan ló máa ru gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ márùn-ún, mìlímítà méjì ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò tó ń bọ̀ yìí, 1.81 ni mo lò; nígbà tí o bá ti wọn tìrẹ, gbogbo eré ibẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀.

Gíà tó wà nínú ọkọ̀ rẹ ni 3.136, 1.888, 1.330, 1.000 àti 0.814. Pẹ̀lú 4.1, tí ẹ́ńjìnnì bá dé 7000, gíà kìíní parí ní 59, ìkejì ní 98, ìkẹta ní 139, ìkẹrin ní 185. Ìkarùn-ún ní kí òun dé 228, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ kò ní agbára tó máa fi ti afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀ láéláé. Ti ojú títì nìyẹn. Ní pápá, gbà pé gíà mẹ́rin lo ní.

Wá wo kọ́nà 95 yẹn. Nínú gíà kejì, ẹ́ńjìnnì ti wà ní 6770. Nínú ìkẹta, ó wà ní 4770. Ọ̀kan ti fẹ́ parí, èkejì kò tíì jí. Ohun tí etí rẹ ń gbọ́ tí ara rẹ sì ń mọ̀ lára nìyẹn, o ò ṣì í gbọ́ rárá.

Pẹ̀lú 4.3, ìkejì á parí ní 94, ìkẹta ní 133, ìkẹrin ní 177. Kọ́nà 95 ti di ti gíà kẹta láìsí àríyànjiyàn, ẹ́ńjìnnì sì wà ní 5000 níbẹ̀, ibi tí o ní ó ti ń jí gan-an. Kọ́nà 110 á kúrò ní 5520 bọ́ sí 5790. Ní ìparí ọ̀nà gbọọrọ, 172 nínú gíà kẹrin jẹ́ 6810. Ó kù díẹ̀ kó kan ìlà pupa, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù sókè fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń ti ọ́ lẹ́yìn, tàbí ọjọ́ tí o bá sá sábẹ́ òjìji ọkọ̀ tó wà níwájú. Tí o bá kọjá 177 lọ́jọ́ kan, bọ́ sí ìkarùn-ún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ayé ò bàjẹ́.

Gbèsè ibẹ̀ rèé. Láàárín 94 sí 98, gíà kejì lo ṣì wà tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, o ti wà ní ìkẹta, ipá tó ń dé táyà á sì fi bíi ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbẹ̀. Láàárín 133 sí 139, ìdá mọ́kànlélógún ló máa lọ. Ojú ọ̀nà kúkúrú ni méjèèjì, o sì ń kọjá wọn kíá. Ká ní pápá rẹ ní kọ́nà tí o ń jáde níbẹ̀ ní 96 tí o sì ń fi gíà kejì tẹná láti ibẹ̀, ìmọ̀ràn mi ì bá yàtọ̀.

Ó wá ku gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́fà. Gíà inú rẹ̀ ni 3.760, 2.269, 1.645, 1.257, 1.000 àti 0.843. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gíà kẹfà yẹn jẹ́ àfikún lókè, kí ọkọ̀ lè sáré sí i. Tún nọ́ńbà yẹn wò. Ìkarùn-ún rẹ̀ ni ìkẹrin tìrẹ gan-an, ìkẹfà rẹ̀ kò sì gùn tó ìkarùn-ún tìrẹ. Àárín ni wọ́n ti fi gíà kan kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tìrẹ lọ níbi tó ń dùn ọ́. Tí o bá yí tìrẹ láti ìkejì sí ìkẹta ní 7000, ẹ́ńjìnnì á já sí 4930. Ti onígíà mẹ́fà á já sí bíi 5080. Ṣé torí 150 rpm lo fẹ́ ṣe tú gbogbo abẹ́ ọkọ̀?

Tí o bá so ó mọ́ final drive 3.909, ìkejì á parí ní 86, ìkẹta ní 118, ìkẹrin ní 155, ìkarùn-ún ní 194. Kọ́nà 95 á dùn, ẹ́ńjìnnì á wà ní 5625. Àmọ́ kọ́nà gígùn 110 ńkọ́? Nínú ìkẹta, 6510 ni, á sì parí ní 118 nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì ń fa sítíárìn. Kò sẹ́ni tó yẹ kó gbọ́wọ́ kúrò lórí sítíárìn níbẹ̀ torí gíà. Tí o bá fi ìkẹrin wọ̀ ọ́, 4980 ni. O ti tún gbé ìṣòro tí ò ń sá fún lọ sí kọ́nà mìíràn nìyẹn, o sì tún máa yí gíà lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ọ̀nà gbọọrọ, nígbà tí onígíà márùn-ún kàn ń fà lọ. Àwọn kan máa ní kí o so ó mọ́ 3.636. Ìkẹrin á parí ní 166, o sì ń tẹ bíréèkì ní 172. Gíà tuntun fún kìlómítà mẹ́fà! Gbogbo ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ti ọkọ̀.

Torí náà, fi gíábọ́ọ̀sì rẹ sílẹ̀, kí o wá 4.3. Ọ̀rẹ́ rẹ jàre, ìdí tó sọ ni kò jàre.

Kí o tó náwó, gbọ́ díẹ̀ sí i. Àwọn MX-5 onílítà 1.6 àkọ́kọ́ ní 4.3 lóòótọ́, àmọ́ dífù oní-ínṣì mẹ́fà ni tiwọn, oní-ínṣì méje ni tìrẹ. Eyín ti kékeré kò ní wọ inú ti ńlá, ti kékeré kò sì lágbára tó. 4.3 oní-ínṣì méje ni kí o wá. Crown wheel àti pinion rẹ̀, ìyẹn gíà ńlá àti gíà kékeré tó ń yí i nínú dífù, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì tí wọ́n jọ jáde láti ilé iṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ mú ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún. Nígbà tí mẹkáníìkì rẹ bá ń tò ó, dúró tì í. Á fi ọ̀dà pupa rúsúrúsú kun eyín crown wheel bíi mẹ́ta, á fọwọ́ yí i lọ yí i bọ̀. Níbi tí eyín pinion bá ti kàn án, ọ̀dà á ṣí kúrò, àmì róbótó kan á sì hàn. Àárín eyín ni àmì yẹn gbọ́dọ̀ wà. Tó bá sún lọ sí ṣóńṣó orí eyín tàbí sí ìdí rẹ̀, kó tú u, kó pààrọ̀ shim, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń sún gíà sí àyè rẹ̀, kó tún kun ọ̀dà. Mẹkáníìkì tó bá ní òun kò nílò ọ̀dà, pé etí ni òun ń fi mọ̀ ọ́n, gba ọkọ̀ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì GL-5 ni kí o fi sínú dífù. Má ṣe torí ìyẹn dà á sínú gíábọ́ọ̀sì láìwo ìwé ọkọ̀, torí èròjà inú àwọn GL-5 kan lè jẹ òrùka idẹ tó wà nínú síńkírò, ohun tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́. Sípídómítà rẹ náà á máa fi bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bù mọ́ eré, torí ara gíábọ́ọ̀sì ló ti ń gbọ́ ìròyìn tiẹ̀. Fóònù tó ń lo GPS ni kí o gbàgbọ́.

Táyà tó fẹ̀ sí i

"Ọmọ mi, mo kí ọ. Wọ́n ní ó yẹ kí àgbàlagbà bíi tèmi jókòó sílé, àmọ́ pápá ni ìgbádùn tèmi. Mo fẹ́ kúrò ní 195/50R15 bọ́ sí 225/45R15. Ṣé gíà mi kò ní yí padà?"

Ìyá mi, ẹ kú ìgbádùn, ẹ má dá wọn lóhùn. Táyà tuntun yẹn á fi mìlímítà méje ó lé díẹ̀ ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdá kan ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ká ní 4.1 ni final drive yín, ńṣe ló máa dà bíi 4.05. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí ẹnì kan má lọ tàn yín sí rọ́ọ̀mù ínṣì mẹ́tàdínlógún torí ẹwà. Pẹ̀lú 205/45R17, 4.1 yẹn á dà bíi 3.83, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra láti kọ́nà gbogbo. Owó final drive tuntun lẹ máa ná láti fi tún un ṣe.

Ẹ́ńjìnnì onítúbò

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnnì onítúbò ni tèmi, láti 2500 ló ti ń fà títí dé 6000. Ṣé kí n wá gíà tó sún mọ́ra?"

Rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà lórí ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ kò bìkítà fún àlàfo. Nígbàkígbà tí o bá gbẹ́sẹ̀ láti yí gíà, afẹ́fẹ́ túbò á wálẹ̀, yóò sì tún gba àkókò kó tó gòkè padà. Gíà gígùn tí kò ní jẹ́ kí o máa yí i lemọ́lemọ́ ló máa gbè ọ́. Tí o bá ti ń rí i pé táyà ń yí lójú kan nígbà tí o bá ń jáde ní kọ́nà, gíà kúkúrú á bà á jẹ́ sí i. Dífù LSD, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán, ni kí o náwó lé.

Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ìdíje

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi dog box sínú ọkọ̀ mi bíi ti Formula 1, kí n lè máa yan gíà tó bá pápá kọ̀ọ̀kan mu. Kí lẹ rí sí i?"

O lówó o! Lóòótọ́, dog box máa ń yára, o sì lè yí gíà rẹ̀ láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ eyín tó ń gbá ara wọn mú nínú rẹ̀ máa ń kú lẹ́nu, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń rọra fà á. Fífa rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó sì yá. Tí eyín yẹn bá ti rí róbótó, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra rẹ̀, o gbọ́dọ̀ tú u pààrọ̀. Gíà títọ́ tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tún máa ń hu débi pé o ò ní gbọ́ ẹni tó jókòó tì ọ́.

Ti Formula 1 tí o dárúkọ, àwọn náà kì í yan gíà fún pápá kọ̀ọ̀kan mọ́. Títí di 2013, wọ́n lè to gíà kúkúrú fún Monaco, kí wọ́n to gígùn fún Monza. Láti 2014, gíà mẹ́jọ ni òfin ní kí wọ́n yàn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n sì máa lò ní pápá gbogbo. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n gbà wọ́n láyè láti tún un yàn lẹ́ẹ̀kan.

Gíà kejì dípò ìkẹrin

"Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ kúrò ní gíà karùn-ún bọ́ sí ìkẹrin ní bíi 165, ìkejì ló wọlé. Ọkọ̀ ké, táyà ẹ̀yìn dún, mo tètè tẹ kílọ́ọ̀ṣì padà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. MX-5 1.8 ni, final drive rẹ̀ 4.1. Ṣé kí n máa wà á lọ?"

Má tíì wà á. Ìṣirò tó wà lókè náà ni: 165 nínú gíà kejì pẹ̀lú 4.1 jẹ́ bíi 11,760 rpm. Bó o tiẹ̀ tètè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí kò fi dé ibẹ̀ tán, ó ti kọjá 7000 jìnnà. Ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró ní ìlà pupa kò lè gbà ọ́ níbẹ̀, torí iná àti epo nìkan ló lè gé. Lọ́jọ́ yẹn, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì fáàfù kì í lè bá irú eré bẹ́ẹ̀, fáàfù lè ṣí sílẹ̀ kí pisitin wá bá a lókè.

Jẹ́ kí wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tún fi afẹ́fẹ́ dán wọn wò bóyá ó ń jò. Tí nọ́ńbà ọ̀kan bá jìnnà sí ti àwọn yòókù, kí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, kí wọ́n ṣí ìdérí fáàfù wo sípíríǹgì, kí wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jáde, kí wọ́n gé fíltà rẹ̀ sí méjì, kí wọ́n tẹ́ bébà inú rẹ̀ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá irin ń dán nínú rẹ̀.

Ti ọwọ́ rẹ, láti ìkarùn-ún sí ìkẹrin, má di orí gíà mú pinpin. Yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ kó kọjú sí ara rẹ, fi fà á tààrà sẹ́yìn, kí sípíríǹgì inú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbé e wá sáàárín. Ẹni tó bá ti ń fi ipá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni ìkejì máa ń gbà mọ́wọ́.